Ẹja Ọlọ́dún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Bàbá Mi Gbé Fún Mi Ṣọ́

Ẹja tí bàbá mi gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ẹja tí gbogbo wa mọ̀ ní Èkìtì, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ìrìnàjò rẹ̀ ń parí sí. Èyí kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ẹja pupa bí epo tuntun ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, inú àpótí gíláàsì ló sì ń gbé ní pálọ̀ bàbá mi ní Ìsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Olùkọ́ ará Íńdíà kan tó yá yàrá gbé lọ́dọ̀ wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì, ló fi í sílẹ̀ fún bàbá mi nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí a bá tọ́jú ẹja yìí dáadáa, ó lè lo ogún ọdún.  Ìyá mi dúró títí ọkùnrin náà fi wọ mọ́tò tán, ó wá ní, “Ẹja tó máa lo ogún ọdún, kí ló fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe?”

Ó lò ó ṣá. Ajá wa kú, ajá tí a fi rọ́pò rẹ̀ náà kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì lọ sí Èkó, wọn ò padà. Mo jáde girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo gba iṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, gbogbo wa jó títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá, ẹja náà ń lúwẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá wá kí wa lẹ́yìn ọdún mẹ́ta máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, á ní, “Háà, Ọ̀gá! Ṣé ẹja ọjọ́sí náà nìyí?” Bàbá mi á kàn fi ìka kan gíláàsì náà, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé òun ló bí i.

Hẹdimásítà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, bó ṣe ń darí ilé-ìwé ló ṣe ń darí ẹja. Aago mẹ́fà ààbọ̀, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ló ń fún un ní edé lílọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Kì í da omi rẹ̀ nù tán láéláé. Abọ́ ló fi ń bu ìdá kan nínú mẹ́ta jáde, omi òjò tó ti sinmi fún ọjọ́ méjì nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé ló sì fi ń dí i. Bí o bá bi í pé kí ló dé tí kò lè kúkú fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wò ọ́ bí ọmọ tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni yóò wí.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ibi ìsìnkú dé, kò ní bọ́ fìlà, iwájú ẹja ló máa kọ́kọ́ jókòó sí. “A ṣì wà níbí, àwa méjèèjì,” ló máa ń sọ fún un. Àwàdà ni nígbà yẹn. Lọ́dún tí kókó wú sí i nínú ikùn, ó kúrò ní àwàdà. Ó sọ ọ́ níwájú mi pé, “Níwọ̀n ìgbà tí èyí bá ń mí, èmi náà á máa mí. Ọjọ́ tó bá ṣíwọ́, kí ẹ máa palẹ̀ mọ́.” Ìyá mi fi ṣíbí lélẹ̀ gbàà. “Ṣé ẹja ló dá yín ni, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì!” 

Dókítà ní Adó ní wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kókó náà, ó mú Ọjọ́bọ̀ fún un. Bàbá mi, tó ti fi ẹgba ba gbogbo Ìsẹ̀ lẹ́rù rí, ń bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ó ń pòwe kiri ilé: “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n wá fẹ́ la ikùn mi!” Kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́, torí mi ò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, òun àti ìyá mi ń lọ dúró sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sì yà sílé mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ilé Ìsẹ̀ á dá páropáro, kò sẹ́ni tó máa bójú tó ẹja. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ike ẹja lọ́wọ́, dírẹ́bà gbé àpótí gíláàsì àti kẹ́ẹ̀gì omi òjò kan tẹ̀ lé e. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tò ó sórí tábìlì mi. 

“Ìwọ ni mo gbé e fún,” ló wí. “O ò ní sùúrù, ṣùgbọ́n ìwọ lo sún mọ́ wa jù.”

“Ẹ ṣé, sà.” Mo fẹ́ bínú, mo rántí àìsàn rẹ̀.

“Má da omi rẹ̀ nù tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta. Edé, ìwọ̀n ìka méjì, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa gbé mi wọlé. Kí n rí ọ kí n tó wọlé.”

“Láti àárọ̀ ni máa ti dé, sà.”

Ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹja náà pẹ́, ìyá mi sì ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ, ọ̀nà jìn. Ọ̀nà ò jìn. Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, èèyàn lè dé ibẹ̀ kí ṣúgà tó yọ́ nínú tíì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ Ajé, mo fún ẹja ní edé ìwọ̀n ìka méjì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wá síwájú gíláàsì, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Bí mo bá ti kọjá báyìí, ó ti sáré wá, ó ń la ẹnu. Ọmọ Yorùbá wo ni àlejò máa la ẹnu níwájú rẹ̀ tí kò ní fún un lóúnjẹ? Mo fún un. Mo tún fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fún un ní búrẹ́dì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, omi náà ti funfun bí omi ògì, ó ti ń rùn, omi kẹ́ẹ̀gì sì ti tán torí mo ti ń bu díẹ̀díẹ̀ sí i pé bóyá á mọ́.

Mo wá ronú pé bàbá mi á bi mí lọ́la. Mo fẹ́ sọ fún un pé gíláàsì ẹja rẹ̀ ń dán. Bí mo ṣe ti ilé-ìwé dé, mo gbé ẹja sínú abọ́, mo da gbogbo omi nù pátá, mo fi kànìnkànìn ha gbogbo ara gíláàsì. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Orí àpáta ni gbogbo Ìkẹ́rẹ́ wà, kànga wa kò jìn, bí òjò bá ti kọ́kọ́ rọ̀, omi rẹ̀ á pọ́n bí omi amọ̀. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe náà ni mo ṣe. Mo mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí a fi ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, mo rò ó pọ̀ mọ́ omi náà, mo dúró díẹ̀, mo bu ojú omi náà sínú gíláàsì. Ó mọ́ gaara. Omi tí àwa ń mu ni, ṣé ẹja wá ju èmi lọ ni? Mo da ẹja sí i. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo wò ó, mo yin ara mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé ẹnu sókè sójú omi. Mo rò pé ebi ni.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà, mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ, báàgì mi ti wà léjìká. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Mo yíjú sí gíláàsì láti kí i pé ó dàbọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ omi.

“Yéè! Mo gbé!”

Màmá tó wà ní yàrá kejì, àgbà obìnrin tó jẹ́ diakonẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó rò pé ejò ni. Mo nawọ́ sí ẹja náà. Ó tẹjú mọ́ ọn. “Tíṣà, ó ṣì ń mí,” ló wí. “Wò ó ní ọrùn.” Lóòótọ́, awẹ́ ọrùn rẹ̀ tó fi ń mí ń ṣí díẹ̀, ó ń pa dé, ó ń ṣe bí ẹni tí ó rẹ̀ dójú ikú.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ pé bí èyí bá ń mí òun náà á máa mí. Màmá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. “Lọ bá bàbá rẹ,” ló wí. “Ẹja ni ẹja ń jẹ́.”

“Màmá, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni. Bí mo bá ní ó ti kú, kí ni máa wá sọ bí ọ̀bẹ bá gbẹ̀mí rẹ̀?”

“Parọ́ fún un. Ọlọ́run á dárí jì ọ́.”

“Mi ò lè parọ́ fún un. Ó máa mọ̀.” Òótọ́ ni. Láti kékeré, bí mo bá parọ́, bàbá mi kàn máa ń wo imú mi ni, á sì ní kí n tún un sọ.

Mo ronú kan omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsẹ̀. Omi tó mọ́ ọn lára nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá tètè rí ọkọ̀, máa dé Ìsẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, máa dà á sínú omi rẹ̀, aago mọ́kànlá máa ti wà ní Adó. Mo gbé ẹja sínú ike, mo fi gèlè bò ó. Màmá tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. “Tíṣà, Adó ni mo ní kí o lọ o!” Mo ti ń sáré.

Ẹni tó bá rántí ọ̀wọ́n epo ìgbà yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà tó ń lọ Ìsẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ti gbé jálá lọ wá epo. A jókòó. Aago méje. Aago mẹ́jọ. Mo ń ṣí gèlè, mo ń wo ọrùn ẹja, mo ń bò ó padà. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí dírẹ́bà tó dé, ó ń fẹnu fa epo láti inú jálá, ó ń tutọ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè kí i.

Obìnrin tó jókòó tì mí wo ike mi. “Ẹja tútù ni? Èló lẹ fẹ́ tà á?”

“Kì í ṣe títà.”

“Ẹ máa fi sebẹ̀ fúnra yín?”

“Rárá, mà. Ara rẹ̀ ni ò yá.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà yíjú sẹ́yìn. “Aǹtí, ṣé ká yà sí ọsibítù ni?” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jágbe mọ́ gbogbo wọn pé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀ ní Adó lónìí, ẹja rẹ̀ nìyí, ẹni tó bá ń rín mi kó máa rín in lọ. Ẹ̀rín gé. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo kòtò tí dírẹ́bà bá rí, ó rọra ń gbà á kọjá ni kí omi má baà dànù, ìyẹn sì tún fa ọ̀nà gùn sí i.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni mo wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gbé báàfù ìfọṣọ, mo pọn omi láti inú dúrọ́ọ̀mù sí i. Ọgbọ́n ẹ̀sọ̀ tí mo kọ̀ láti gbà ní Ọjọ́rú ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn: mo ń fi ife bu omi dúrọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ sínú ike ẹja, mo ń bu ti àtijọ́ kúrò, títí gbogbo rẹ̀ fi di omi òjò. Lẹ́yìn náà ni mo rọra dà á sínú báàfù. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo fi ọwọ́ ru omi náà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í.

Ibí yìí ni mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́ títí dòní. Mo lè dìde nígbà yẹn. Mo ti ṣe ohun tí ọwọ́ lè ṣe, ó kù sọ́wọ́ ẹja. Bí mo bá ti lọ sí oríta ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, bóyá ǹ bá ti rí ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé jẹ́ kó kàn dìde ná. Mo fẹ́ lè wo ojú bàbá mi kí n sì ní ó ń lúwẹ̀ẹ́, kó sì jẹ́ òótọ́. Mo ń ṣe àdúrà fún ẹja, èmi ọmọ onígbàgbọ́. Mo ń gbọ́ agogo ilé-ìwé tí bàbá mi ti ṣe hẹdimásítà rí. Agogo ìsinmi lù, àwọn ọmọ pariwo, agogo ìwọlé lù, wọ́n dákẹ́. Mo ṣì wà lórí eékún.

Nígbà tí wọ́n ń kọrin àjáde, ẹja náà gbọn ìrù. Ó ṣubú padà. Ó tún gbọn ọ́n. Ó wá dúró gangan nínú omi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ó sì wá síwájú mi, ó ń la ẹnu. Mo kígbe. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ọdún mẹ́rin ni ẹja yẹn tún lò lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì sí àmì álọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Ìgbà tí mo nu ojú mi tán ni mo gbọ́ pé orin àjáde ti parí. Àwọn ọmọ ń kọjá lọ sílé. Aago méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Mo sáré dé oríta. Kò sí ọkọ̀. Ẹnìkan ní ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Èmùrè, a dúró dè é, nígbà tó dé ó ti kún. Mo rìn. Ọkọ̀ kan tó kó iṣu gbé mi dé Ìkẹ́rẹ́, mo jókòó sórí iṣu. Ní Ìkẹ́rẹ́ mo tún dúró. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn àpáta Olósùnta kí n tó rí èyí tó ń lọ Adó.

Ìyá mi nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, fìlà bàbá mi wà lórí itan rẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Ṣé ulé iṣẹ́ ni wọn ò ti jẹ́ kí o wá?” ló bi mí. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú ló máa ń pe ilé ní ulé, bí wọ́n ṣe ń pè é níbi tí wọ́n bí i sí.

“Rárá, mà.”

“Bàbá rẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n dúró. Ó tún ní kí wọ́n dúró. Dókítà ní àwọn mìíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.” Ó nu fìlà náà bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀. “Wọn ò tíì jáde.”

Mi ò lè jókòó. Mo dúró ti ògiri. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí, tí dókítà ní ó ti bọ́, ó ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní jí di òwúrọ̀, ìyá mi wólẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń dúpẹ́. Èmi ń ronú ohun tí máa sọ. Mo ti tò ó sórí ahọ́n mi: bí ó ṣe fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bí mo ṣe gbé e lọ, bí ó ṣe dìde. Inú rẹ̀ á dùn. Ó máa mọ̀ pé kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí ojú. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ìyá mi ti lọ pọn omi gbígbóná.

“O dé,” ló wí. Mo ní láti tẹ̀ba kí n tó gbọ́ ọ.

“Mo dé, sà. Ẹ kú ewu, sà. Ẹja yín wà láàyè, sà. Mo ṣe àṣìṣe omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, mo gbé e lọ sí Ìsẹ̀ lánàá, mo dúró tì í títí ó fi dìde. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ báyìí, sà.”

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ kíláàsì tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà.

“Ẹja wo?”

“Ẹja yín, sà. Ẹ ní bí ó bá ń mí...”

“Mo ní kí n rí ọ.” Ó mí, ó sinmi. “Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbórí sókè wo ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi orí lélẹ̀.” Ó tún sinmi. “Ṣé ẹja ni mo bí?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan sọ, torí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu nígbà ìjà. Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.  Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Wọ́n tutù. Mo dì wọ́n mú títí ó fi sùn padà, nígbà tí nọ́ọ̀sì sì wá sọ pé kí àwọn àlejò jáde, mi ò dìde.